Nọ́ọ̀sì Tuntun ní Ẹ̀ka Pàjáwìrì: Ìbéèrè Tí Ẹ̀yin Àbúrò Máa Ń Bi Mí

Ọdún 13 rèé tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ẹ̀ka pàjáwìrì, ibi tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní kásúátì, nílẹ̀ Yorùbá níbí. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń kó àwọn ọmọ tuntun wá bá wa, yúnífọ́ọ̀mù wọn á funfun báláú, ojú wọn á sì máa wá ilẹ̀. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí lóru, nígbà tí ibi iṣẹ́ bá rọlẹ̀ díẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Mo kó èyí tó wọ́pọ̀ jù jọ síbí. Bí ẹ bá rí i pé "ìwọ" ni mò ń sọ, ẹ má bínú, bí mo ṣe ń bá àwọn àbúrò mi sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́ nìyẹn.

Ẹ̀ka pàjáwìrì ni wọ́n pín mi sí, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ṣé kí n lọ bẹ mátírọ́ọ̀nù kí wọ́n gbé mi lọ sí wọ́ọ̀dù míì ná?

Ẹ̀rù kò burú. Ẹni tó dé tí ẹ̀rù kò bà rárá ni àwa máa ń ṣọ́. Àwọn àgbà kan gbà pé kí nọ́ọ̀sì tuntun kọ́kọ́ lo ọdún kan ní wọ́ọ̀dù, mi ò sì lè ní wọ́n ṣìnà. Ní wọ́ọ̀dù, wàá tọ aláìsàn kan fún ọjọ́ mẹ́wàá, wàá rí bí àìsàn ṣe ń le tó sì ń rọlẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ìbẹ̀rẹ̀ nìkan lo máa ń rí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti gbé e lọ. Síbẹ̀, mo ti rí àwọn tó bẹ̀rẹ̀ níbí tí wọ́n sì di ọ̀jáfáfá.

Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ ló ṣe kókó. Bi wọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ni mo máa wà lábẹ́ wọn fún oṣù àkọ́kọ́ yìí?" Bí wọ́n bá dárúkọ ẹnì kan, dúró. Bí wọ́n bá ní "gbogbo wa náà ni," a jẹ́ pé kò sí ẹnikẹ́ni. Fúnra rẹ ni kí o wá àgbà kan, kí o kí i dáadáa, kí o bẹ̀ ẹ́ pé kó mú ọ dání.

Kí ni mo gbọ́dọ̀ ti mọ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀?

Ìwé tí o kà ti tó. Ohun tó kù ni kí o mọ ibi tí nǹkan wà. Lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣáájú kí o fi ọwọ́ ara rẹ kan gbogbo rẹ̀: àgbá ọ́síjìn, àpò tí a fi ń fún aláìsàn ní èémí, ẹ̀rọ tó ń fa itọ́ àti èébì kúrò ní ọ̀nà ọ̀fun, ẹ̀rọ tí a fi ń wo ṣúgà, àpótí oògùn pàjáwìrì. Ṣí àpótí náà. Adrenaline dà? Atropine ńkọ́? Hydrocortisone, diazepam, dextrose, magnesium sulphate? Wo ọjọ́ tí wọ́n á bàjẹ́. Bi wọ́n léèrè ẹni tó ń di kọ́kọ́rọ́ mú lóru.

Mo ní ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn. Ní ilé ìwòsàn kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, bàbá kan dé lóru tí èémí rẹ̀ kò délẹ̀ mọ́. Àgbá ọ́síjìn wà nídìí ògiri, ó kún dẹ́múdẹ́mú. Sípánà tí a fi ń ṣí i ni kò sí. Inú dúrọ́ọ̀ ẹnì kan tó ti lọ sílé ló wà, ó sì ti tì í pa. Pọ́tà wa ló já dúrọ́ọ̀ náà. Bàbá yẹn yè é, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, sípánà ni mo kọ́kọ́ máa ń fi ojú wá bí mo bá gbaṣẹ́, kí n tó kí ẹnikẹ́ni.

Ra tọ́ọ̀ṣì kékeré pẹ̀lú. Iná NEPA kì í dúró de ẹni tó ń wá iṣan.

Àwọn nọ́ńbà wo ló yẹ kó wà lórí mi?

Fún àgbàlagbà: èémí 12 sí 20 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìlù ọkàn 60 sí 100. Ṣúgà tó bá wà nísàlẹ̀ 70 mg/dL ti lọ sílẹ̀ jù. Ìwọ̀n ìyèkooro ti Glasgow, èyí tí a fi ń mọ bí aláìsàn ṣe jí sí, bẹ̀rẹ̀ láti 3, ó sì parí sí 15. Bí ó bá ti di 8 tàbí kó dín, ọ̀nà ọ̀fun aláìsàn náà ti wà nínú ewu, má fi í sílẹ̀ lọ ibì kankan. Bí ọkàn bá dúró, tẹ àyà ní ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, kó wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5 ó kéré tán, 30 kí o tó fún un ní èémí 2.

Nínú gbogbo rẹ̀, èémí ni a máa ń fi èrú kọ jù. Lọ ṣí fáìlì aláìsàn mẹ́wàá, wàá rí i: 20, 20, 22, 20. Kò sẹ́ni tó kà á. Bẹ́ẹ̀ èémí ló sábà máa ń kọ́kọ́ yí padà, kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tó wálẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé nǹkan ti ń bàjẹ́. Jókòó, wo aago, ka odindi ìṣẹ́jú kan. Bí o bá mọ èyí nìkan ṣe, o ti ju àwọn míì tó ti pẹ́ lọ.

Bí aláìsàn mẹ́fà bá wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ta ni mo máa kọ́kọ́ dá lóhùn?

Ibi tó bá ní ètò, àwọ̀ ni a fi ń pín wọn: pupa fún ẹni tí kò lè dúró rárá, yẹ́lò fún ẹni tó lè dúró díẹ̀, àwọ̀ ewé fún ẹni tó lè jókòó dè wá, dúdú fún ẹni tó ti kọjá ìrànlọ́wọ́. Ìyẹn rọrùn láti kọ sílẹ̀. Nígbà tí bọ́ọ̀sì bá ṣubú ní márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ń gbé wọn wọlé lórí ẹ̀yìn, tí ariwo gba gbogbo ilé, ojú rẹ á máa fà sí ẹni tó ń ké jù. Rántí pé ẹni tó ń ké, ó ń mí. Èyí tó jókòó jẹ́ẹ́ sí igun, tó di àyà mú, tí òógùn bò ó, tí kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn, òun ni kí o sáré lọ bá. Ọ̀nà ọ̀fun, èémí, ẹ̀jẹ̀ tó ń dà, ìyèkooro: bí a ṣe ń wò ó nìyẹn, lọ́kọ̀ọ̀kan, láìfo ọ̀kan.

Ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Ẹni tí o fún ní yẹ́lò ní aago mẹ́jọ lè ti di pupa ní mẹ́jọ ààbọ̀.

Wàá sì rí ọ̀gá ńlá tó máa dé pẹ̀lú ọgbẹ́ ìka, táwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ á máa bi ọ́ bóyá o mọ ẹni tí wọ́n gbé wá. Kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, fún un ní àga, kí o padà sídìí ẹni pupa rẹ. Bí wọ́n bá yarí, mátírọ́ọ̀nù ló ni ìyẹn.

Aláìsàn ń sọ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ́ iṣẹ́. Báwo ni mo ṣe máa mọ ohun tí wọ́n ń sọ gan-an?

Inú mi dùn sí ìbéèrè yìí, torí ibẹ̀ ni ẹ̀mí ti máa ń bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

"Ọ́sà mi ló dìde." Ó lè jẹ́ ọgbẹ́ inú lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ ọkàn. Bí ẹni náà bá ti lé ní ogójì ọdún, tó ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, tó ní àyà ń ta òun bí ata, tó ń làágùn, sọ fún dókítà kí wọ́n ṣe ECG, àyẹ̀wò tó ń fi bí ọkàn ṣe ń lù hàn, kí ẹnikẹ́ni tó fún un ní oògùn ọ́sà. Àwọn alátọ̀gbẹ míì kì í tilẹ̀ ní ìrora. "Ó kàn rẹ̀ mí" ni wọ́n máa sọ.

"Jẹ̀díjẹ̀dí." Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí kó ìgbẹ́ ọ̀rìn, ẹ̀jẹ̀ ní ìdí, ẹ̀yìn dídùn àti àìle ọkùnrin pọ̀. Má kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bi í bóyá ẹ̀jẹ̀ ń jáde, irú àwọ̀ wo, ìgbà mélòó láti àná.

"Ibà" ni gbogbo ara gbígbóná. "Àyà mi ń já" lè jẹ́ ìpayà, ó sì lè jẹ́ ọkàn tó ń sáré ní 160. Ìlù ọkàn ni kí o wò, má gbára lé ìwò ojú.

"Ó ní gìrì." Bí ó bá jẹ́ ọmọdé, bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ti fún un nílé, kí o sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi wọ́n. Bí o bá jágbe mọ́ wọn, "a ò lo nǹkan kan" ni wọ́n máa dá ọ lóhùn. Àgbo gìrì tí wọ́n fi ìtọ̀ màálù àti ewé tábà ṣe ṣì ń bẹ káàkiri, ó sì máa ń mú ṣúgà ọmọ wálẹ̀ débi tí gìrì náà á tún fi le sí i. Wo ṣúgà ọmọ náà lójú ẹsẹ̀. Bákan náà ni ti ọmọ tó mu kẹrosíìnì: epo pupa ni wọ́n á ti rọ sí i lẹ́nu kó lè bì. Bíbì ló ń jẹ́ kí kẹrosíìnì wọ ẹ̀dọ̀fóró, nítorí náà ìwọ má ṣe mú un bì rárá. Ka èémí rẹ̀, wo ọ́síjìn rẹ̀.

Bí o kì í bá ṣe ọmọ Yorùbá, tàbí tí Ìlàjẹ tàbí Ìkálẹ̀ tí aláìsàn ń sọ kò yé ọ, wá ọmọ ilé ìwòsàn tó gbọ́ ọ. Má fi ọmọ aláìsàn ṣe ògbufọ̀ fún ọ̀rọ̀ abẹ́.

Dókítà máa ń jágbe mọ́ mi bí mo bá pè wọ́n lóru. Ìgbà wo ló yẹ kí n pè wọ́n?

Pè wọ́n. Mo ti ṣe iṣẹ́ yìí pẹ́ tó láti mọ̀ pé ìpè tí kò pọn dandan kò tíì pa aláìsàn kankan.

Ọ̀nà tí a ń gbà pè ló sábà ń fa ìjágbe. "Dókítà, ẹ wá wo bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin, ara rẹ̀ ò yá" kò sọ nǹkan kan. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ni ara rẹ̀ ò yá. Sọ ọ́ báyìí: "Ẹ káàárọ̀ sà. Nọ́ọ̀sì pàjáwìrì ni mí. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin, obìnrin ọlọ́dún 28, oyún oṣù mẹ́jọ, orí ń fọ́ ọ láti àná. Ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 170 lórí 115. Kò tíì ní gìrì. Mo ti fi kánúlà sí i, mo ti gbé magnesium sulphate sítòsí. Mo fẹ́ kí ẹ wá báyìí." (Kánúlà ni ọ̀pá tín-ín-rín tí oògùn ń gbà wọ iṣan; magnesium sulphate ni oògùn tó ń dènà gìrì aboyún.) Dókítà tó gbọ́ èyí tí kò dìde, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kúrò lọ́wọ́ rẹ. Pe ọ̀gá rẹ̀. Kọ aago tí o pè é sílẹ̀, kọ ohun tó sọ. Kì í ṣe pé o ń bá ẹnikẹ́ni jà, àkọsílẹ̀ ni iṣẹ́ wa.

Wọ́n gbé aláìsàn wá láìsí owó, láìsí káàdì. Ṣé mo lè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú?

Bẹ́ẹ̀ ni, dandan sì ni. Òfin ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014, abala 20, kọ̀ ọ́ fún ilé ìwòsàn àti òṣìṣẹ́ ìlera láti kọ aláìsàn pàjáwìrì. Ìtanràn 100,000 náírà ni, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì. Ti ẹni tí ìbọn bà tún ní òfin tirẹ̀, ti ọdún 2017. Òfin yẹn ní kí a tọ́jú rẹ̀, ìwé ọlọ́pàá wà o, kò wà o, kí ilé ìwòsàn sì fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí méjì tí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń béèrè ìwé ọlọ́pàá. Sọ òfin náà fún wọn jẹ́jẹ́.

Èyí tí òfin kò lè ṣe ni pé kó fi ìbọ̀wọ́ àti kánúlà sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Níbi púpọ̀, àwa òṣìṣẹ́ máa ń tọ́jú àjẹkù nǹkan pamọ́ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò ní kí o máa ná owó oṣù rẹ. Mo ti ṣe é rí, kò lópin. Mọ ẹni tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ aláìlówó ní ilé ìwòsàn rẹ, kí o sì ní nọ́ńbà rẹ̀ lórí fóònù.

Àwọn ẹbí aláìsàn ń pariwo lé mi lórí, ọ̀kan tilẹ̀ fẹ́ gbá mi létí.

Kí o tó ní kí wọ́n jáde, kí wọn. "Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ pẹ̀lẹ́." Mú ẹnì kan nínú wọn, ẹni tí orí rẹ̀ pé jù, sọ ohun tí ẹ ń ṣe fún un, sọ ìgbà tí wàá tún padà wá bá a sọ̀rọ̀, kí o sì padà wá lóòótọ́, kódà bí o kò bá ní ìròyìn. Ìdákẹ́ wa ló ń bí wọn nínú jù.

Ẹni tó bá fẹ́ lu ọ́, má dúró bá a wíjọ́. Má jẹ́ kí ó wà láàárín ìwọ àti ilẹ̀kùn. Pe sìkíọ́rítì, kí o sì kọ ọ́ sínú ìwé ìṣẹ̀lẹ̀.

Abẹ́rẹ́ aláìsàn gún mi. Kí ni kí n ṣe?

Fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ibẹ̀. Má fún ẹ̀jẹ̀ jáde níbẹ̀, má fi jíìkì sí i. Sọ fún ọ̀gá rẹ lójú ẹsẹ̀. Oògùn tó ń dènà HIV máa ń ṣiṣẹ́ jù bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ju wákàtí 72 lọ. Ọjọ́ 28 ni wàá fi lò ó. Má jẹ́ kí ìtìjú mú ọ dúró di àárọ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú B, mẹ́ta ni, ó ń gba oṣù mẹ́fà, nítorí náà bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí o tó gbaṣẹ́.

Ibà Lassa ńkọ́?

Ondo wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó ń bá jà jù, pàápàá lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Ìlú Lassa ní Borno ló fún un lórúkọ ní 1969. Nọ́ọ̀sì ni ẹni tí a kọ́kọ́ mọ̀ pé ó pa, Laura Wine, àti Charlotte Shaw tó tọ́jú rẹ̀ ní Jos, òun náà kú. Ní 2014 tí Ebola, tí òun náà máa ń ran òṣìṣẹ́ ìlera, wọ Èkó, èèyàn 20 ló kó o ní Nàìjíríà, 8 kú. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh wà lára wọn, nọ́ọ̀sì sì wà lára wọn.

Ibà tí oògùn ibà kò ran, tí ọ̀fun ń dùn, tí ẹ̀jẹ̀ ń yọ ní èrìgì tàbí níbi tí abẹ́rẹ́ gún: wọ ìbọ̀wọ́, ìbòmú àti ìbòjú, yà á sọ́tọ̀, kí o tó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bi í bóyá eku ń jẹ nínú gàrí wọn nílé, torí eku ló ń gbé àìsàn náà kiri.

Mo ti ṣe àṣìṣe pẹ̀lú oògùn. Ṣé kí n sọ ọ́?

Sọ ọ́ báyìí, kí o tó parí kíka ìwé yìí.

Ní ọdún mi kejì, Ìyá Ìbejì méjì wà lọ́dọ̀ wa lóru kan, ọ̀kan ní bẹ́ẹ̀dì méje, ọ̀kan ní mọ́kànlá. Mo pe "Ìyá Ìbejì," èyí tó sún mọ́ mi dáhùn, mo sì fa oògùn ẹnì kejì sí i lára. Bí mo ṣe ń ju abẹ́rẹ́ nù ni mo rí i pé mo ti ṣe àṣìṣe. Gbogbo ara mi tutù. Ẹnì kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n dákẹ́, pé oògùn náà kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Mo lọ sọ fún ọ̀gá mi. Wọ́n bá mi wí, a ṣọ́ obìnrin náà di àárọ̀, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe é. Orúkọ ìnagijẹ kì í ṣe orúkọ ní ìdí oògùn; jẹ́ kí aláìsàn fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ rẹ̀ tó wà lórí káàdì, kí o sì wo nọ́ńbà ilé ìwòsàn rẹ̀. Alhaja mẹ́ta lè wà nílé lẹ́ẹ̀kan náà.

Mi ò tíì rí òkú rí lójú ara mi. Báwo ni ẹ ṣe ń ṣe é?

Dókítà ló ń sọ pé èèyàn ti kú, tó sì máa ń sọ fún ẹbí. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ ni wọ́n máa ṣubú sí.

Yorùbá kì í la irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sì fara mọ́ ọn pé kí a wá àgbà ẹbí kan kí a tó sọ fún ìyá tó bí ọmọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a fi bo ọ̀rọ̀ lè ṣe ìkà. Lóru kan tí dókítà ti sáré lọ bá aláìsàn míì, mo sọ fún obìnrin kan pé bàbá ti "lọ sinmi." Ó dúpẹ́. Ní ìdájí, ó gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún un nínú fúláàsì. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti kí wọn tán tí mo sì ti ní kí wọ́n jókòó, mo máa ń rí i pé ọ̀rọ̀ náà "kú" jáde lẹ́nu ẹnì kan nínú wa, lẹ́ẹ̀kan, kedere. Lẹ́yìn náà mo máa ń dákẹ́.

Bí o bá sunkún, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Lọ fọ ojú rẹ, kí o jẹ nǹkan.

Ṣé ó yẹ kí n máa ronú láti jápa?

Ọ̀rọ̀ rẹ ni. Ohun tó yẹ kí o mọ̀ ni pé ní oṣù kejì ọdún 2024, àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà kéde pé ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n jẹ́rìí ìwé rẹ̀ fún ilẹ̀ òkèèrè gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ ọdún méjì lẹ́yìn tó gba ìwé àṣẹ. Inú bí àwọn nọ́ọ̀sì, wọ́n sì fẹ̀hónú hàn. Èrò tèmi: bí o bá máa lo ọdún méjì yẹn lọ́nàkọnà, ẹ̀ka pàjáwìrì ni ibi tó dára jù láti lò ó. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún mẹ́ta ni a ń tún ìwé àṣẹ ṣe; má jẹ́ kí tìrẹ kú sínú dúrọ́ọ̀.

Irú bàtà wo ni kí n rà?

Èyí tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀, tí kò ní ihò lójú, tó ṣeé fi omi fọ̀. Abẹ́rẹ́ máa ń já bọ́, ẹ̀jẹ̀ sì máa ń kán. Ra méjì, fi ọ̀kan sílẹ̀ níbi iṣẹ́, kí o má sì wọ ọ́ dé ibi tí àwọn ọmọ rẹ ń jókòó sí.